Obìnrin Tó Ń Fi Lẹ́tà Ránṣẹ́ sí Ara Rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ bá mi jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi ìkánjú sọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Kò tíì sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Ọ̀tà. Ṣàngó tí mọ́tò ò jẹ́ kéèyàn rí ọ̀nà kọjá lónìí, oríta lásán ni, níbi tí àwọn onílọ́rì ti máa ń dúró kí ẹ́ńjìnnì wọn lè tutù. Àpò lẹ́tà ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ayé ń lọ níbòmíràn. Ó máa ń ti stéṣàn rélùwéè Ìjókò wá lórí kẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èmi ni mo sì máa ń tú okùn ẹnu rẹ̀.

Akọ̀wé posọ́fíìsì ni mí. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún nígbà náà. Yàrá kan ṣoṣo ni posọ́fíìsì wa, ó ní tábìlì gígùn kan, òṣùwọ̀n kékeré, òǹtẹ̀ tí a fi ń lu lẹ́tà kí ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ wa lè hàn lára rẹ̀, àti igi ìda pupa. Ìda yẹn wà fún lẹ́tà réjísítà, ìyẹn èyí tí a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ á ní kí n yọ́ ìda sí ẹ̀yìn rẹ̀, bó bá sì ti gbẹ, kò sẹ́ni tó lè ṣí i kó má hàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ọ̀gá mi gbé Kùránì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n búra pé mi ò ní ṣí lẹ́tà ẹlẹ́tà láéláé. Mo búra. Ẹ rántí ìyẹn.

Olórin wákà ni ìyá mi. Kì í ṣe pé ó ń fi orin jẹun o, ẹní ló ń hun tó ń tà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ka Kùránì parí l'Ọ̀tà, tí wọ́n fẹ́ ṣe wòlímà fún un, àfi kí wọ́n wá ìyá mi wá. Òun àti àwọn obìnrin márùn-ún kan ni, àtẹ́wọ́ lásán sì ni ìlù wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe orin náà, nídìí ẹní tó ń hun. Á hun ún dé ibì kan, á dáwọ́ dúró, ètè rẹ̀ á máa mì, a ó sì mọ̀ pé ká má bá a sọ̀rọ̀.

Orin kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ. Wòlímà tèmi ló ṣe é fún. Bàbá mi ti kú nígbà náà, àwọn kan sì ti ń sọ pé obìnrin opó ò lè rówó fún álífà débi tí ọmọ rẹ̀ á fi ka Kùránì parí. Báyìí ni orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀:

Ẹ bá mi wo wàláà ọmọ mi, ó ti gbẹ;
omi tí mo fi fọ̀ ọ́,
ojú mi ni mo ti pọn ọ́n.

Wàláà ni pákó tí a fi ń kọ́ Kùránì. Bí ọmọ bá ti mọ èyí tí wọ́n kọ sí i, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ti sunkún níṣojú mi nítorí orin yìí. Wọ́n ti torí rẹ̀ wá pe ìyá mi láti Àtàn, láti Ìfọ̀, láti Agége.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì ń ba ìyá mi láyé: kí wọ́n má jí orin yẹn. Kò kàn dédé máa bẹ̀rù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Àtàn, olórin wákà bíi tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàngó, ó bá gbọ́ orin ara rẹ̀ nínú gíráḿáfóònù. Ọkùnrin kan ló ń kọ ọ́. Ó wọlé, ó ní òun lòun ni orin. Wọ́n ní kó fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀rí wo ló fẹ́ fi hàn? Nígbà tó tún kọ orin náà lóde, àwọn ọmọdé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní orin inú àwo ló ń sín jẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń wo gbogbo àjèjì lẹ́nu, bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn eyín.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì gbóná nílẹ̀ nígbà tí obìnrin Àmẹ́ríkà kan dé.

Aláwọ̀ dúdú ni, ó tilẹ̀ dúdú ju ìyá mi lọ, ṣùgbọ́n òyìnbó dúdú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yóò tó ẹni ogójì ọdún. Iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan ló mú un wá pé kó wá kọ́ wọn lórin fún ọdún méjì. Ilé tí wọ́n ṣèlérí fún un ò tíì lórùlé, ni ọ̀gá iléèwé bá wá bẹ ìyá mi fún yàrá iwájú ilé wa. Àpótí méjì ló gbé wọlé, pẹ̀lú ohun gbọọrọ kan nínú àpò aṣọ.

"Kí ló wà nínú àpò yẹn?" ìyá mi bi mí.

"Gìtá ni, Ìyá. Wọ́n máa ń ta á sí orin."

"Olórin ni?"

"Olórin ni. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe orin tó ń kọ."

Ìyá mi wo àpò náà bí ẹni tó bá ojú ẹsẹ̀ àjèjì nínú ìyẹ̀wù rẹ̀. "Nínú gbogbo ilé tó wà l'Ọ̀tà," ó ní, "ilé olórin ni olórin wá wọ̀ sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé mi, máa bá mi ṣọ́ ọ."

Èmi náà sì ń ṣọ́ ọ. Mìsì là ń pè é, bí a ṣe ń pe àwọn olùkọ́ obìnrin. Ó ti gbé Èkó fún oṣù díẹ̀ kó tó wá sọ́dọ̀ wa, nítorí náà ó ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti há fún un, á fi Gẹ̀ẹ́sì dí i, èmi á sì túmọ̀. Lọ́sàn-án, bó bá ti iléèwé dé, á bá wa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa bá ìyá mi bó ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ ló ti ròyìn ayé rẹ̀ fún wa.

Ó ní ọmọ pásítọ̀ ni òun, ní abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin òwú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tó di ọmọge, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú ńlá kan, ó ń kọrin ní ilé oúnjẹ, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹran tí wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ àwo orin kan ti rí i. Wọ́n gba orin kan lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ṣe nípa ìlẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀, wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó níwájú ẹni tó ń ṣe irun fún un, ó gbọ́ orin náà nínú rédíò. Ohùn ẹlòmíràn ni. Nígbà tó rí àwo náà, orúkọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé òun ló ṣe orin. Mìsì pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi, nítorí kò ní ẹlẹ́rìí.

"Láti ìgbà náà, mi ò ní ọ̀gá mọ́," ó wí. Ó ní òun ń ṣe àwo tòun fúnra òun, díẹ̀díẹ̀, òun á kó o sẹ́yìn mọ́tò, òun á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, òun á kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé, òun á jókòó sórí àtẹ̀gùn òun á tà á. Nínú mọ́tò náà lòun ń sùn. "Kò tóbi. Ṣùgbọ́n tèmi ni."

Ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí lọ. "Bi í pé, gbogbo orin tó ń kọ káàkiri yẹn, òun ló ṣe gbogbo rẹ̀?"

Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo rẹ̀. Bí mo bá kọ èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo máa ń dárúkọ ẹni náà."

Nígbà tó wọlé, ìyá mi gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò ní itan. "Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí orin tó báyìí, ṣé wọ́n kàn sọ fún un ni?"

"Ìyá, òun ni wọ́n jí tirẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ìwọ wà níbẹ̀?"

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Mìsì fi wá bá mi ní posọ́fíìsì pẹ̀lú lẹ́tà kan. Mo wo orúkọ ẹni tó ń lọ bá: orúkọ rẹ̀ ni, ilé wa ni. Mo wo orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́: orúkọ rẹ̀ ni, ilé wa ni.

"Mìsì, ẹ ti ṣì í kọ. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sí."

"Èmi náà ni."

"Ẹ kúkú lè mú un lọ sílé báyìí."

"Rárá o. Mo fẹ́ kó lọ sí Èkó, kó padà wá. Réjísítà ni. Lu òǹtẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí ọjọ́ rẹ̀ hàn. Kí o yọ́ ìda sí i níbi mẹ́ta."

Kò yẹ kí n bèèrè, ṣùgbọ́n mo bèèrè. "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹlẹ́rìí mi," ó wí, ó sì jáde.

Lẹ́tà náà lọ sí Èkó, ó sì padà wá. Èmi ni mo mú un bọ̀ wálé. Níṣojú mi, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ìda rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó fi í síbẹ̀, ó ti àpótí pa. Kò ṣí lẹ́tà náà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín sí wa, ẹ rántí bí lẹ́tà ṣe rí nílé wa nígbà náà. Bí lẹ́tà bá wọlé, gbogbo ilé ló ni ín. Wọ́n á gbé ìjókòó fún ẹni tó mọ̀wé kà, àwọn ìyàwó ilé á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n á tẹ́tí sí i láti orí ìkíni dé ìparí, wọ́n á sì ní kó tún un kà. Lẹ́tà tí wọn ò ṣí, lẹ́tà tí ẹnì kan ń bẹ̀rù ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Kò sí irú nǹkan mìíràn tí a mọ̀ ọ́n sí.

"Ẹlẹ́rìí?" ìyá mi wí nígbà tí mo sọ fún un. "Ta ló ń bá ṣẹjọ́ l'Ọ̀tà? Àwọn bàbá wa máa ń di àrokò ránṣẹ́ síra wọn, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹni tó ń di àrokò fún ara rẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé wa, ó dé ìgboro. Onígbàjámọ̀ kan ní amí ni, pé àwọn ará Àmẹ́ríkà fẹ́ gba ilẹ̀ wa lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ ní èèyàn méjì ló wà nínú ara rẹ̀, pé ọ̀kan ló ń kọ̀wé sí ìkejì. Bí ó ti ń jà ràn-ìn, ọlọ́pàá kan tí kò wọ aṣọ ọlọ́pàá gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi láti Abẹ́òkúta.

"Ta ni obìnrin yẹn máa ń kọ̀wé sí?"

"Ara rẹ̀ ni, sà."

"Mo ní ta ni?"

"Ara rẹ̀, sà."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé mo jọ ẹni tí o lè máa fi ṣeré?"

Mo ṣí ìwé réjísítà fún un. Ó fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sì rọra pa ìwé náà dé. "Ó léwu o," ó wí. Bó ti ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí wòlímà kan délẹ̀ ní Ilo-Awela, tí kò ju abúlé lọ nígbà yẹn. Mìsì ní òun fẹ́ bá wa lọ. Ìyá mi ò lè kọ̀ fún àlejò ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n jókòó tì í, kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá yóò kọ nǹkan sílẹ̀.

Kò kọ nǹkankan. Ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá mi dé orí orin wàláà, tí mo túmọ̀ rẹ̀ sí i létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún.

Ọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó wọ agbádá funfun, ará Èkó, ó dùn ún wò. Ó dìde, ó lẹ owó mọ́ ìyá mi níwájú orí. "Ìyá wa, ẹ tún un kọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n lè máa bá yín gbè é." Ìyá mi tún un kọ. Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ òun nílé. Ìyá mi sì ń sọ ọ́ fún un lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ojú rẹ̀ ń dán.

Bí a ti ń bọ̀ wálé, Mìsì bi mí pé, "Ta ni ọkùnrin tó ń kọ̀wé yẹn?"

"Ẹbí ọmọ tó kà parí ni."

"Ó dá ọ lójú?"

Kí ló fẹ́ kó dá mi lójú sí? Wọn kì í bi ẹni tó múra dáadáa léèrè ibi tó ti wá lóde tiwa. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé àwa rò pé ẹbí ọmọ ni, àwọn ẹbí ọmọ sì rò pé àwa la mú un wá. Wọ́n tilẹ̀ bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Níwájú wa lójú ọ̀nà, ìyá mi ń bá àwọn obìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kó dé etí mi. "Ẹ rí bí òyìnbó dúdú ṣe dákẹ́? Ẹni tó dákẹ́ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gberin, orí ló ń há a sí."

Lọ́jọ́ kejì, Mìsì kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní kó jọ̀ọ́ kó kọ orin wàláà fún òun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Orin wo?" ìyá mi wí. "Mo ti gbàgbé rẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a gbọ́ gìtá nínú yàrá iwájú. Ó kọ́kọ́ ń wá ọ̀nà bí ẹni tó ń táràrà, ó ṣìnà, ó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Orin wàláà ni, ó pé, kò sí ibi tó fò. Ìyá mi jẹ́ kí koríko ẹní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn wò mí.

Kí ọ̀gá mi tó dé láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Mìsì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà posọ́fíìsì. Lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Kó lọ lónìí," ó ní. "Lónìí gan-an." Lẹ́yìn ìyẹn, ó kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta fún ìdíje orin, ó ní ó di ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni lẹ́tà náà padà dé. Ọ̀gá mi ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Ó yẹ kí èmi náà ti lọ. Mo ń múra àtilọ nígbà tí ìyá mi wọlé, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó wá ra sítáǹbù.

"Ó ti dé?"

"Kí ló ti dé, Ìyá?"

"Má fi mí ṣe ọmọdé. Lẹ́tà olè yẹn."

Ó rí i níwájú mi.

"Ṣí i."

"Ìyá, mo fi Kùránì búra."

"Kùránì tí o fi búra," ó wí jẹ́ẹ́, "ta ló fọ wàláà tí o fi kọ́ ọ?"

Ẹ má sì jẹ́ kí n parọ́ fún yín, kì í ṣe ìyá mi nìkan. Láti oṣù méjì ni ọwọ́ ti ń yún èmi náà. Mo tan àbẹ́là, mo fi ọ̀bẹ sójú iná, mo rò pé bí mo bá yọ ìda náà ní odindi, n óò lè dá a padà. Ti àkọ́kọ́ yọ. Èkejì fọ́ wẹ́wẹ́ sórí tábìlì. Nígbà tó ti rí bẹ́ẹ̀, mo kàn fa ìyókù ya.

Ìwé méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, dò-rè-mí ni, bí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń kọ orin, ọ̀rọ̀ ìyá mi sì wà lábẹ́ rẹ̀: *Ẹ bá mi wo wàláà ọmọ mi.* Mo kà á sókè. Ojú ìyá mi kò yí padà. Ó gba ìwé méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú ìró rẹ̀, ó dìde.

"Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì kà, Ìyá. Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Èyí tí o kà tó mi," ó wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mìsì bá àpótí rẹ̀ méjèèjì àti gìtá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O káàbọ̀," ìyá mi wí. Títí di ọjọ́ náà, ẹ̀yin ló máa ń lò fún un. "Ẹrù rẹ nìyẹn. Orin mi rèé, mo gbà á padà." Ó na ìwé náà sókè.

Mìsì ò wo ìwé náà rárá. Èmi ló wò. "Àpòòwé rẹ̀ dà?"

Mo fà á yọ lápò mi. Ó fi ìka kan ibi tí ìda wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Ka ìwé kejì fún Ìyá."

Mo kà á, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń lọ. "Orin yìí kì í ṣe tèmi. Ìyá tí mo ń gbé ilé rẹ̀ l'Ọ̀tà ló ṣe é, fún wòlímà ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní Ilo-Awela. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo rí ọkùnrin kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ló ni ín, kí adájọ́ ṣí lẹ́tà yìí, kó wo ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀." Orúkọ ìyá mi wà lábẹ́ rẹ̀, ó pé, àti orúkọ agbo ilé bàbá rẹ̀.

Mìsì ń ṣàlàyé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀. Ó ní olórin tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn, posọ́fíìsì ló fi ń ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo orin tóun bá ṣe, òun ń fi í ránṣẹ́ sí ara òun, òun kì í sì í ṣí i. Ojú adájọ́ ni wọ́n ti ń ṣí i. "Bí ẹlòmíràn bá ti ṣí i, ìwé lásán ni. Ta ló máa mọ ìgbà tí wọ́n ki ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" ìyá mi bèèrè. Ó ti padà sí ẹ̀yin.

"Mo ní kí ẹ kọ orin náà fún mi, ẹ ní ẹ ti gbàgbé. Bí mo bá sọ èyí fún yín, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?"

Ìyá mi ronú sí i. "Rárá," ó wí. "N óò ní irọ́ ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí kan padà wọlé, èmi gbé èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́.

Oṣù mélòó kan lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń bá ìyá mi gberin sáré ti Ṣàngó dé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orin wàláà ti wà nínú àwo. Ọkùnrin ló ń kọ ọ́. A lọ gbọ́ ọ. Alágbádá funfun ni, ohùn rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi kúkú kọ́ ọ.

Mìsì mú wa lọ bá lọ́yà kan l'Ékòó. Nígbà tí lọ́yà ti wádìí ohun gbogbo, ó tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì. Ọ̀kan ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó ti ya, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ kẹta wòlímà ló kúrò l'Ọ̀tà. Èkejì ni ìwé tí alágbádá bá ilé iṣẹ́ àwo fọwọ́ sí, lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà kejì, tí kò ya, ṣùgbọ́n tó dé lẹ́yìn ìwé alágbádá.

"Èyí tó tètè dé ló wúlò," lọ́yà wí, "òun ló sì ya. Ta ló ṣí i?"

Ó wò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bí ẹni náà bá wá síwájú adájọ́, tó búra, tó sọ ọjọ́ tó ṣí i àti bí ó ṣe ṣí i, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á. Kò dájú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Àfi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ posọ́fíìsì o. Ẹni yẹn á ti ibẹ̀ bọ́ sẹ́wọ̀n ni."

Mìsì yíjú sí fèrèsé. Mo la ẹnu. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹnu náà sọ, bóyá òótọ́ ni o, bóyá mo kàn fẹ́ mí ni. Mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láé, nítorí ìyá mi ti fi gìgísẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ mí débi tí omi fi bọ́ lójú mi.

"Lọ́yà, ẹ ṣeun," ó wí. "Orin lásán ni. N óò ṣe òmíràn."

Mi ò gbọ́ kó pe orin yẹn ní orin lásán rí. Láti ọjọ́ náà kò kọ ọ́ mọ́ níbi òde kankan, bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọdé sọ pé òun ń sín àwo jẹ.

Nígbà tí ọdún méjì pé, Mìsì kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí ìlú rẹ̀ lọ máa ta àwo lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé ìdì àpòòwé kan àti igi ìda pupa kan sílẹ̀ fún ìyá mi. Lẹ́yìn bí ọdún kan, àwo kan dé láti Àmẹ́ríkà, òun ló ṣe é fúnra rẹ̀. A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó, a ní kí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ. Gìtá ni, ohùn rẹ̀ ni, orin wàláà sì ni, ní Yorùbá.

"Wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀?" ìyá mi bi mí.

"Wọ́n kọ ọ́, Ìyá. Òun rèé: ẹ̀yin lẹ ṣe orin."

Ó gba àwo náà lọ́wọ́ mi, ó mú un fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó bá òun kà á. Ó mú un fún dẹ́rẹ́bà kan lóde. Nígbà tí a délé, ó tún pe ọmọ iléèwé kan. Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kà á bákan náà ló tó fi aṣọ wé e.

Ó tún ṣe àwọn orin mìíràn, wọ́n sì dára. Bó bá ti ṣe ọ̀kan parí, á ní kí ọmọ iléèwé kan bá òun kọ ọ́, kì í pè mí sí i. Á mú lẹ́tà náà wá sí posọ́fíìsì, láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ sí ara rẹ̀, á ní réjísítà ni. Kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́. Á dúró níwájú tábìlì, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò mí bí mo ti ń tan àbẹ́là.

"Akọ̀wé," á wí, "gbé ọwọ́ rẹ síbi tí mo ti lè rí i."

Màá sì gbé e síbẹ̀.